Kí Ìdánwò Dúró, Kí A Gba Ọ̀bẹ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ní ìpàdé ìparí ọdún ilé-ìwé

  

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba wá sọ èrò wa lórí ohun tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kí a kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n pa ìdánwò CEP rẹ́, kí gbogbo ọmọ tó bá parí CM2 máa bọ́ sí sixième láìsí ìdíwọ́. Àwọn kan ní rárá o, bí ìdánwò bá kúrò, ọ̀lẹ ni a ó máa tọ́. A ti gbọ́ ti ìhà méjèèjì. Ohun tí àwa rí ni pé kí ìdánwò dúró, ṣùgbọ́n kí a gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan náà ti wá. Sẹ́fìká tí àwọn bàbá wa ń fi yangàn, ilẹ̀ Faransé ló ti wá. Òfin Jules Ferry ti 1882 ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ òṣìṣẹ́. BAC dàgbà jù ú lọ. Napoleon ló dá a sílẹ̀ ní 1808, nígbà tí wọ́n sì ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1809, ènìyàn 31 péré ló gbà á. Àwọn Òyìnbó wọ̀nyí kó méjèèjì wá bá wa ní Dahomey. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àwọn fúnra wọn ti pa sẹ́fìká tiwọn rẹ́ láti 1989. Ọmọ Faransé tó bá parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí, ṣe ló kàn ń kọjá sí sixième. Ẹni tó di ẹrù ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀, àwa tí wọ́n gbé e rù ló ṣì ń làágùn. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé láti ọ̀run ni ìdánwò yìí ti wá.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká bu ẹnu àtẹ́ lù ú tán. Ní ayé Òyìnbó, kí ọmọ tó dé ilé-ìwé Victor Ballot ní Àjàṣẹ́, tàbí kí ó tó ti ibẹ̀ lọ sí William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ìdánwò ni. Ojú ọ̀nà yẹn ni Hubert Maga gbà, ẹni tó di ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè wa. Títí di òní, nínú ìdánwò ńlá, nọ́ńbà ló wà lórí ìwé, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò mọ̀ bóyá ọmọ mínísítà ni tàbí ọmọ ẹni tó ń ro oko ẹ̀gẹ́. Bí a bá pa á rẹ́, kí la ó fi rọ́pò rẹ̀? Lẹ́tà ọ̀gá ilé-ìwé ni àbí ọ̀rọ̀ ẹnu? Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ yìí. Ọmọ ẹni tó mọ ènìyàn ni yóò máa wọlé, ọmọ tiwa á sì dúró sí ìta. Àwa tí a jókòó sí ọ́fíìsì fún ọgbọ̀n ọdún mọ ohun tí à ń sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wá wọra nìyí. Ọmọ ọdún 11 tàbí 12 ló ń ṣe CEP. Bí ó bá ní 10 nínú 20, wọ́n á ní ó yege. Bí ó bá ní 9, wọ́n á ní kò yege. Kí ló wà láàárín 9 àti 10? Bóyá ibà ló mú un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bóyá olùkọ́ rẹ̀ lọ́mọ 60 níwájú, tí kò ráyè tirẹ̀. Nọ́ńbà náà kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Èyí tó tún burú jù ni pé èdè Faransé ni ìdánwò náà ń wọ̀n, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ìṣirò. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí lọ́jà Kétu. Oníbàárà ti Ìlárá wá, òmíràn ti Mẹ́kọ̀ wá, náírà ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ yìí á fi orí ṣírò náírà sí sẹ́fà, á mọ iye tó yẹ kó fún wọn ní ṣéńjì, á tún mọ èrè tí ìyá rẹ̀ jẹ lórí kóńgò kan, kó tó di pé ẹ̀yin mú kálámù. Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníṣòwò kan ra àpò 12, ó san owó ọkọ̀, ó tà á ní iye báyìí, kí wọ́n wá bénéfice rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ bénéfice. Ó ń jẹ èrè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ tí Faransé sọ ọ́. Wọ́n fún un ní 4, wọ́n ní kò mọ ìṣirò.

Ẹni tó bá rò pé à ń fi ìfẹ́ èdè wa sọ̀rọ̀ lásán, kó wo Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ Yorùbá yìí kò rẹ̀yìn, kódà wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Àwọn baba wa náà ń dán ọmọ wò, ẹ má gbàgbé. Ní ilé kéú, ọmọ kò ní fọ wàláà rẹ̀ àfi tó bá ti mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ aránṣọ, bí ọmọ iṣẹ́ bá rán ọrùn aṣọ tó wọ́, ìyá ọ̀gá á ní kó tú u, kó tún un rán. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé o gba 7 nínú 20, máa lọ sílé. Ọjọ́ òmìnira rẹ̀, gbogbo ènìyàn á wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìdánwò mà ni ìyẹn náà! Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń ṣe é fún un.

Ti BEPC àti BAC, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe wọ́n ti ń di géńdé, ó lè dúró kí a wọ̀n ọ́n. Kí àwọn òbí ṣáà jáwọ́ nínú fífi owó wá ìdáhùn ìdánwò kiri.

Ọmọ tí kò yege CEP ni ká bojú tó. Láti 2006 ni ìjọba ti yọ owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò, ẹnu ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọlé fẹ̀ gan-an. Èyí tí ó máa gbà jáde ló ṣì há. Bí èsì bá jáde lónìí, tí orúkọ ọmọkùnrin kò sí níbẹ̀, ẹ ó rí i lẹ́bàá títì tó ń ta bẹntiróòlù kpayo, bó bá sì dàgbà díẹ̀, ó di zẹ́mìjàn. Ti ọmọbìnrin yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọdún tó yí, wọ́n á ní ọkọ ti wá. Òfin ilẹ̀ wa ní kò sí ìgbéyàwó fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ṣùgbọ́n òfin ò jókòó sí àgbàlá yín, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kábíyèsí, ibi tí a ti ń bẹ̀ yín nìyí. Bí ẹbí kan bá mú irú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ wá sí ààfin tàbí sí ilé baálẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé kíláàsì wo ni ọmọ náà dé.

Ìwé tí ẹgbẹ́ máa kọ sí ìjọba, èrò wa ni pé kó béèrè pé ọmọ tó kùnà nínú ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì, kó tún ìyẹn nìkan ṣe kí ilé-ìwé tó wọlé padà, kí wọ́n má dá a padà sẹ́yìn fún odidi ọdún. Kó béèrè pé kí wọ́n gba ọmọ láyè láti fi èdè ìyá rẹ̀ dáhùn apá kan nínú ìṣirò, lẹ́nu. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sì máa pe òbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ọmọ mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Bulletin tó ní ẹni kẹtàlélógójì ni ọmọ rẹ, kí ni ìyá tí kò kàwé fẹ́ fi ṣe? Ẹgba ni yóò mú.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìjọba lè pẹ́. Nítorí náà, àwa olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti pinnu láti máa kọ́ àwọn ọmọ tí kò yege ní àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ nínú ìsinmi yìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn àjọ̀dún òmìnira, 1 oṣù kẹjọ, a ó bẹ̀rẹ̀. Yorùbá la ó fi ṣàlàyé ìṣirò, lẹ́yìn náà la ó wá kọ́ wọn ní orúkọ tí Faransé ń pè é, bénéfice àti àwọn ẹbí rẹ̀ gbogbo. Ìwé àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé níbẹ̀ yẹn. Kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan dárúkọ àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ kó tó kúrò níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ àwọn ọmọbìnrin pamọ́.