Ẹni Tó Ń Sùn Lábẹ́ Ìsọ̀, Ọmọ Wa Ni



Púpọ̀ nínú yín ti rí fídíò ọkùnrin tó ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ lọ́jà wa, tó ń dá sọ̀rọ̀. Kí n má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rín ò wá mọ́. Egbò ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń rà, eṣinṣin bò ó.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Òjò ń pa á, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, ibà ò ní ṣàì mú un. Kò lè sùn dáadáa, torí àwọn ọmọ ń sọ ọ́ lókò. Àìsùn yẹn sì máa ń dá kún àrùn ọpọlọ. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ò balẹ̀, ṣé ó lè tọ́jú egbò? Tá a bá tiẹ̀ fún un lóògùn, tó tún padà sábẹ́ ìsọ̀, ta ló máa rán an létí láti lò ó?

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án ní ọsibítù, wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé ìtòsí, ìbátan wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Ilé àti èèyàn wà lára oògùn wọn.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Ẹ má gbé fídíò ẹ̀ kiri mọ́. Ẹni tó bá mọ ìdílé ẹ̀, kó bá wọn sọ̀rọ̀, kó má bú wọn. Ó lè jẹ́ pé owó ló tán lọ́wọ́ wọn. A ò ní dè é, a ò ní nà án. Àwa ọ̀dọ́ á bẹ̀ ẹ́ dé ilé ìwòsàn kí wọ́n wo egbò ẹ̀ ná, lẹ́yìn náà a ó bá a dé Aró. Owó ọkọ̀ àti owó oògùn la fẹ́ kẹ́ ẹ dá.

Ó ku ibi tó máa padà sí. Ilé tó wà ní títì pọ̀ nílùú wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wọn náà mọ̀. Yàrá kan péré ní bọ́ìsìkọ́tà la ń tọrọ. A ó máa pín ara wa láti fún un lóúnjẹ àti oògùn.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìyá kan ló bí eléyìí o, ìlú yìí náà ló sì bí i sí.

Mò ń retí ìpè yín.