WÁÀSÍ ÀWẸ̀: OJÚ TÍ Ó Ń KA TIRA

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ìkẹ́ òun ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad. 

Oṣù Àlùkùránì ni Rọ̀mọ̀dáànì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ti pa tira dé nítorí ojú. Ẹ wo ọmọ ilé-kéwú tí ó ń fa wàláà mọ́ imú, tí à ń nà án pé olódo ni. Ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni?

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ti ṣiṣẹ́ lórí èyí tipẹ́. Ní 984, Ibn Sahl ní Baghdad fi ìṣirò wá bí ìtànṣán ṣe ń tẹ̀ bí ó bá wọ inú gíláàsì. Láàrin 1011 sí 1021, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra, kọ Kitāb al-Manāẓir, apá méje, ní Cairo. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kì í ti ojú jáde. Ara ohun tí à ń wò ni ó ti ń wá bá ojú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré. Bàbá kan kò rí ọ̀rọ̀ kedere àfi kí tira jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 100. Ó sì fẹ́ kà á ní 33. Ẹ fi 33 pín 100: 3 ni, díẹ̀ ló lé. Ẹ fi 100 pín 100: 1 ni. Ẹ yọ 1 nínú 3, ó ku 2. Awò 2 ni tirẹ̀, èyí tí ó nípọn láàrin.

Ọmọ oníwàláà ńkọ́? Bí ìríran rẹ̀ kò bá kọjá 50, ẹ fi 50 pín 100: 2 náà ni. Ṣùgbọ́n 2 tirẹ̀, àyọkúrò ni. Awò rẹ̀ fẹ́lẹ́ láàrin. Bí ẹ bá gbé awò bàbá fún un, 50 tí ó ń rí á di 25!

Nítorí náà, ẹ má yá ara yín ní awò. Ẹ lọ bá dókítà ojú, kí ó wọn ojú kọ̀ọ̀kan. Àrùn mìíràn wà tí awò kò ràn, tí ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láìdunni. Ẹ̀yin àáfà ilé-kéwú, kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú ọmọ wò. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó ra aṣọ ọdún fún bàbá yín, ẹ bèèrè bóyá ó ṣì ń rí tira kà.

Kí Ọlọ́hun gba àwẹ̀ wa, kí Ó jẹ́ kí á fi ojú wa ka tira Rẹ̀ dọ́jọ́ alẹ́. Àmín.