Omi Ló Ń Ba Títì Jẹ́

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lọ́dún 2013, ìjọba tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe méjì: Julius Berger gba Èkó dé Ṣàgámù, RCC gba Ṣàgámù dé Ìbàdàn.

Ọ̀dà la máa ń wò, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ niṣẹ́ wà: yẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, òkúta lórí ẹ̀, kí ọ̀dà tó kàn. Bí ò bá sí gọ́tà, omi á ráyè wọlé, ilẹ̀ á rọ̀, tírélà á gorí ẹ̀, kòtò dé nìyẹn.

Tí wọ́n bá ń ṣe títì àdúgbò yín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ibo lomi máa gbà lọ? Ẹ sì ya fọ́tò abẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó bò ó.