Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Nípàdé Oṣù: Ìpàtẹ Àwọn Yunifásítì, Ọjà Ni Òun Náà

Wọ́n ní kí a kọ ọ̀rọ̀ tí a sọ nípàdé síwèé, nítorí àwọn tí òjò dá dúró, àti nítorí àwọn tó wá ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ owó tòmátò lábẹ́lẹ̀. Ẹ mọ ara yín.

Ẹ ti rí ìwé pélébé tí wọ́n ń pín kiri. Àwọn yunifásítì fẹ́ wá pàtẹ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìbàdàn níbí, kí òbí àti ọmọ lè wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Àwọn kan nínú wa ní àwọn ò lọ, pé ibi àwọn alákọ̀wé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú wa dìde.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ara wa ná. Prámárì mẹ́fà la kà, gbogbo yín lẹ mọ̀. Ní ọdún 2019 a mú àbígbẹ̀yìn wa lọ sí irú ìpàtẹ báyìí. A wọ léèsì, a wé gèlè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń sọ Òyìnbó, àwa ń mi orí. A dé ibi ìpàtẹ mẹ́jọ, a mi orí níbi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. A gbé ọ̀rá kan tó kún fún ìwé wálé, pẹ̀lú bíró mẹ́ta àti fìlà kan. Bàbá ọmọ wá béèrè pé, “Èló ni owó ilé ìwé wọn?” A ò mọ̀. Ọmọ náà ò mọ̀. Àwa tí a kì í ra àpò gààrí kan láìtọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀!

Tiwa ṣì kéré. Lọ́jọ́ kan náà, ọkùnrin kan pàdé ọ̀kan nínú wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Kò dúró nídìí ìpàtẹ kankan o, ẹnu ọ̀nà ló wà. Ó ní òun á bá a wá àyè nọ́ọ̀sì fún ọmọ rẹ̀, pé máàkì JAMB kò ní dí wọn lọ́wọ́. Owó àjọ ọdún kan ló kó lé e lọ́wọ́. Ó mú ìwé àdímíṣọ̀n wá lóòótọ́, ìwé tó dán. Ọmọ lo ọdún méjì níbi tí wọ́n mú un lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ JAMB rárá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ báyìí níbòmíràn. Ìyá rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ fún yín, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Láti ọdún 2017, orí íntánẹ́ẹ̀tì JAMB, níbi tí wọ́n ń pè ní CAPS, ni gbogbo àdímíṣọ̀n yunifásítì ń gbà kọjá. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè ṣí i lórí fóònù, ibẹ̀ náà ni yóò ti gbà pé òun fẹ́ àyè náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìwé tó bá wù kí wọ́n gbé fún yín, ẹ fi pọ́n àkàrà. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni níbi ìpàtẹ. Ẹ lọ wò ó ni, ẹ sùn lé e lórí.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi ọmọ ní ohun tó fẹ́ kà. Bí ó bá jẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ ní Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Bí ó bá jẹ́ lọ́yà, Lítíréṣọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ mú fọ́tòkọ́pì èsì ìdánwò rẹ̀ dání. Ojúlówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Kí ọmọ kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé, kí òun sì sọ̀rọ̀. Òun ló máa jókòó ní kíláàsì, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí Òyìnbó bá ti ń pọ̀ jù, ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ ní Yorùbá.” Ọmọ wa ló pọ̀ nínú wọn. Ojú ò tì wá mọ́.

Ìbéèrè kìíní: ṣé NUC ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì yìí? Ẹ fetí sí i, kọ́ọ̀sì la ní, a ò ní yunifásítì. Ilé ìwé lè ní àṣẹ kí kọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀ má ní. Èyí tó yege pátápátá, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún un. Èyí tí wọ́n ṣì ń ṣọ́, ọdún méjì. Agbọ̀n tòmátò ni, ẹ má wo tòkè nìkan. Nọ́ọ̀sì, dókítà àti lọ́yà tún ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ìyẹn náà.

Owó wá ńkọ́? Wọ́n á sọ owó ẹ̀kọ́ fún yín, wọ́n á dákẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò owó yàrá, oúnjẹ, ìwé, owó àkọ́wọlé àti gbogbo wẹ́wẹ́ pọ̀. Ṣé ó ń lé lọ́dọọdún? Ẹ̀ẹ̀melòó la lè san án? Ó yẹ ká mọ̀ kí a lè fi àjọ bá a mu. A kì í ná owó ilé ìwé bí ẹní ń ná aṣọ, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí máàkì rẹ̀ ga, wọn kì í sì í sọ ọ́ bí a kò bá béèrè. Ti owó àyálò ìjọba tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024, NELFUND, kò ní èlé, ṣùgbọ́n ilé ìwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá ní ẹ lè fi san ti yunifásítì aládàáni ń tàn yín.

Àwọn tó ń pàtẹ ti òkè òkun àti ti Kùtọnu náà máa ń wá. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2024. Akọ̀ròyìn kan gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjọba wa sì dá gbígba ìwé ẹ̀rí Benin àti Tógò dúró. Ilé ìwé tó dáa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wádìí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá kí ẹ tó tú owó. Ti ìlú Òyìnbó, owó tí ẹ máa fi hàn wọ́n gbọ́dọ̀ ti wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28. Owó àjọ tí a yá wọ́n fún ọjọ́ méjì kò lè ṣe é.

Kí àwọn tó ń lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Iwájú ìsọ̀ àwọn elélùbọ́ la ó ti pàdé ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, méjì méjì la ó máa rìn. Ìyá aláṣọ tó ń béèrè bóyá aṣọ ẹgbẹ́ la máa wọ̀: rárá o. Bàtà tó rọrùn ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ mú bíró tiyín dání.