Iná Inú Wáyà Ọgbà Màlúù

Wáyà ọgbà oníná tí wọ́n fi ń sé màlúù mọ́ ní New Zealand lè gbé 7,000 volt, síbẹ̀ kì í pa màlúù. Volt ni agbára tó ń ti iná, bí omi táǹkì òkè ṣe ń fi ipá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Amp ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tó ń fi iná sí wáyà ọgbà kì í jẹ́ kó ṣàn pẹ́: á ta pàá, á dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, á tún ta.

Irin tí a rì mọ́lẹ̀ ló ṣe kókó jù. Ara màlúù ni iná ń gbà wọlẹ̀, irin yìí ló ń dá a padà sẹ́rọ. Bí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, iná kì í lè gbà á kọjá dáadáa: màlúù á fimú kan wáyà, ó lè má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so wáyà ọgbà mọ́ iná ilé tààrà. Ìyẹn ń pa ènìyàn.