Eruku Òkúta Kì í Ṣe Àtíkè

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà! Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tó ń wa góòlù lọ òkúta tó ní òjé nínú agboolé wọn. Májèlé rẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400. Òkúta ìkọ́lé la ń fọ́ ní Àkókó, ṣùgbọ́n eruku tiwa náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì gbóògùn. Ohun mẹ́ta là ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá: omi tí a ó máa wọ́n sí òkúta, ààyè fún ìdọ̀tí òkúta, tó jìnnà sódò, ilé ìwẹ̀, ká má baà gbé eruku lọ bá ọmọ nílé. Ẹ̀yin awakọ̀ típà, ẹ fi tapólì bo ẹrù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.