Àpá Ara Sójà Àtijọ́: Ṣé Ó Yẹ Kí Ó Sọ Òótọ́ Nípa Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kan àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun láàárín wa. Ẹni tó bá ń gbé Kumasi kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ogun. Àwọn sójà Yorùbá wà lára àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wá síbí ní 1900, nígbà ogun Yaa Asantewaa. Odi tí àwọn Asante dó tì nígbà náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ológun, àwọn ohun tí wọ́n kó bọ̀ láti Bọ́mà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Hítílà, àwọn kan lọ sí Kóńgò. Ní 1990, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà jọ lọ sí Làìbéríà lábẹ́ ECOMOG. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbé àpá bọ̀ wálé. Ìbéèrè wa ni pé, bí ọmọdé bá bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Bàbá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?", ṣé òótọ́ ni kí ó sọ, tàbí ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ sójà ni ọ̀tá dá sí i lára. Ọkọ̀ a máa dojú dé. Ìbọn a máa yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń nù ún. Ọ̀rẹ́ a máa ṣèèṣì yìnbọn lu ọ̀rẹ́ lóru. Ṣùgbọ́n bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá délé, tó rí i pé ẹni tí ọta ọ̀tá bà nìkan là ń fún ní àga iwájú, ìtàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọkọ̀ ló dojú dé. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n ti ń yìnbọn lu ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọmọ-ọmọ bá fi máa gbọ́ ọ, bàbá nìkan ló dojú kọ ogún ọ̀tá. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a kò bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní tà á.

Ẹ wo bàbá kan tí kò ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ sójà ní 1942 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànù ká wọn mọ́ létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Wọ́n pa nínú wọn, ọta sì fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Siẹrá Líónì, ṣẹ́ kù sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman bọ́ wọn, ó sì gbé wọn pamọ́ sínú ilé rẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi rí wọn ní òpin ọdún náà. Bàbá Fadoyebo tiro títí ó fi kú ní 2012.

Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1999, oríire ni àkọlé rẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ìgboyà. Ó jẹ́wọ́ pé òjijì ni wọ́n ká àwọn mọ́, pé ebi pa òun, pé oúnjẹ ẹlòmíràn ló mú òun yè. Nítorí òótọ́ yìí ni a fi mọ orúkọ Shuyiman. Nítorí rẹ̀ ni oníròyìn Barnaby Phillips fi gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ bàbá náà lọ fún ìdílé Shuyiman ní 2011. Ká ní ó sọ pé agbára òun lòun fi là á já, olóore náà ìbá ti sọnù sínú irọ́.

Ọ̀ràn míràn sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì, 1948, àwọn sójà àtijọ́ tó rọ́ lọ sọ́dọ̀ gómìnà ní Accra nítorí ẹ̀tọ́ wọn kò mú ìbọn dání. Ọ̀gá ọlọ́pàá yìnbọn sí wọn ní oríta Christiansborg. Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey kú, àwọn mìíràn sì fara gbọgbẹ́. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, ó sì dé Kumasi. Ẹ rò ó wò: bí ọ̀kan nínú àwọn tó gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé Bọ́mà ni òun ti gba ọta, nítorí ògo tó wà níbẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí ohun tí ìjọba ṣe? Ẹ̀rí ni àpá. Ẹni tó bá yí ìtàn rẹ̀ padà lè máa bo ọ̀ràn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá sóòrùn. Sójà tó bá ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn sinmi," kò purọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì yìnbọn lù ú, ó lè sọ ọ́ láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta kan wà tí kò yẹ kí ó fi pa mọ́ fún. Èkíní ni dókítà, nítorí pé irin tó bá kù nínú ara lè di ewu bí wọ́n bá gbé e sínú ẹ̀rọ MRI. Èkejì ni ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ ẹnu iṣẹ́ ni ọgbẹ́ ẹnu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ọta. Irọ́ ni ó lè ba ẹ̀tọ́ tòótọ́ jẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun. Ó yẹ kí ọmọ náà mọ ohun tó ń lọ bá.

Ó wá ku tiwa. Bí sójà àtijọ́ bá wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ wa, ẹ jẹ́ ká bi í ní ohun tó nílò, kì í ṣe iye ọ̀tá tó pa. Oògùn, owó ilé, owó ilé-ìwé ọmọ: ìwọ̀nyí ni kí a kọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe bi í léèrè lójú agbo. Bí a bá sì ń pín àga iwájú, ẹ fún ẹni tí ọkọ̀ ká lẹ́sẹ̀ àti ẹni tí ọta bà. Nígbà náà ni kò ní sí ẹni tí ebi tàbí ìtìjú máa sọ di òpùrọ́.

Àwọn àgbà ní òótọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń fọrùn gbọgbẹ́. Ara àwọn bàbá wa ti gbọgbẹ́ tó. Ẹ má jẹ́ ká fi ti ọrùn kún un. Ọlọ́run yóò tu àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú, yóò fọ̀run kẹ́ àwọn tó ti lọ, kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ogun.